Abẹ́ Kánópì Ni Ìpàdé Gan-an Wà

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣàgámù. Lébẹ̀ẹ̀lì gàrí, ti ẹ̀pà, ti ọṣẹ dúdú, gbogbo wọn ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Èmi náà ni mo máa ń tẹ ìwé ètò fún ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìpàdé àwọn oníṣòwò lágbègbè wa, láti Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá: pípe àwọn èèyàn pàtàkì sí háì tébù, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, orin orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, ọ̀rọ̀ alága, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kìíní, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejì, àmì ẹ̀yẹ. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù: ìbéèrè àti ìdáhùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó síbi ọ̀kan nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́wàá ni mo tẹ̀ sínú ìwé. Aago méjìlá kọjá kí wọ́n tó pe àwọn èèyàn ńlá tán. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Èkó mọ̀wé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń wá olùdókòwò láti òkè òkun ló ń kọ́ wa. Ìyá tó jókòó tì mí, gàrí Ìjẹ̀bú ló ń yan. Ohun tó gbé e wá ni pé irin tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ kì í pẹ́ dípẹtà, ìpẹtà náà sì ń ba àwọ̀ gàrí rẹ̀ jẹ́. Ó ti kọ ìbéèrè yẹn sínú ìwé kékeré kan kó tó kúrò nílé. Nígbà tó di aago mẹ́ta, wọ́n kéde pé kò sáyè fún ìbéèrè mọ́ nítorí pé àlejò pàtàkì ń lọ síbòmíràn.

A jáde lọ jẹun lábẹ́ kánópì. Ibẹ̀ ni ìyá yìí ti ń ráhùn fún mi nígbà tí ọkùnrin kan yíjú sí i, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, irú irin wo ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ yín?” Wẹ́dà ni. Ó ṣàlàyé fún un pé páànù lásán ni wọ́n fi ṣe é, omi ẹ̀gẹ́ tó kan sì máa ń jẹ páànù bẹ́ẹ̀. Ó ní kò nílò láti ra ẹ̀rọ tuntun, ibi tí wọ́n lu ihò sí nìkan ni kó fi stainless pààrọ̀. Ó sọ iye tí yóò ná an. Ìyá náà gba nọ́ńbà rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Àwọn méjèèjì ti jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà fún wákàtí márùn-ún, kò sì sí ohun kankan nínú ìwé ètò tí mo tẹ̀ tó lè jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: abẹ́ kánópì ni ìpàdé gan-an wà. Ẹ jẹ́ ká gbé e wọnú ilé.

Àwọn kan ti ṣe é níbòmíràn. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Harrison Owen ṣètò àpérò ńlá kan ní 1983, ọdún kan gbáko ló fi múra sílẹ̀. Nígbà tó parí, gbogbo èèyàn, òun náà pẹ̀lú, fẹnu kò pé àkókò tí wọ́n fi lọ mu kọfí ló wúlò jù. Ó wá bi ara rẹ̀ bóyá èèyàn lè fi àkókò kọfí nìkan ṣe odindi àpérò. Ní 1985, ní Monterey ní California, ó dán an wò. Ó to àga yíká, ó fi ògiri sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń jẹ lọ́kàn á kọ ọ́ sórí ìwé, á dìde sáàárín, á sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ ká jíròrò, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú àkókò àti ibi tí wọn yóò jókòó sí. Láàárín wákàtí díẹ̀, ètò ti jáde, àwọn tó wá ló sì ṣe é fúnra wọn. Open Space ni wọ́n ń pè é. Ìlànà mẹ́rin ló kọ́kọ́ ní: ẹni tó wá ni ẹni tó yẹ kó wá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ìgbàkígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ni àsìkò rẹ̀, tó bá ti parí, ó parí. Òfin kan ṣoṣo ló wà, òfin ẹsẹ̀ méjì: bí o kò bá rí nǹkan kọ́ níbi tí o wà, tí o kò sì ní nǹkan tí o lè fi kún un, fi ẹsẹ̀ rẹ gbé ara rẹ lọ síbòmíràn.

Ní oṣù kẹjọ 2005, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Palo Alto, ní California yẹn náà, ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní BarCamp, òun náà sì tàn kárí ayé. Àmọ́ èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ibi tí Owen sọ pé òun ti kọ́ ọ. Abúlé kan ní Làìbéríà ni, níbi tó ti rí àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ayẹyẹ sísọ àwọn ọmọkùnrin di géńdé, láìsí ìgbìmọ̀ kankan tó ń darí wọn, tí gbogbo ẹ̀ sì lọ létòlétò. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí náà ló ti rí i. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé nǹkan òyìnbó ni mo fẹ́ kó wọ Rẹ́mọ, mo máa ń ní kó dúró kó gbọ́ ìyẹn ná.

A dán an wò ní Ìpẹru. Àwa bí ọgbọ̀n ni, ní ọjọ́ Sátidé, nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. A dá owó jọ fún mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀kọ àti omi tútù. Kádíbọ́ọ̀dù àti máákà, èmi ni mo kó wọn wá. A ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó pẹ́ díẹ̀ o, àyà mi ti ń já. Ìgbà tó yá ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì jáde, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÀWỌN TÓ Ń GBA ỌJÀ LÁWÌN TÍ WỌN KÌ Í SANWÓ. Gbogbo kíláàsì hó yèè. Lẹ́yìn ìyẹn, máákà kò sinmi mọ́. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá la lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ẹgbẹ́ àwìn ló pọ̀ jù. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ta omi inú ọ̀rá báyìí, fi káàdì kékeré hàn wọ́n, èyí tó máa ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sí: bí ti àkọ́kọ́ kò bá tíì wọlé, ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní jáde. Ọmọ oníbúrẹ́dì ní bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, oníbúrẹ́dì mìíràn á gbé tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Oníbúrẹ́dì mìíràn ọ̀hún sì rèé níwájú rẹ̀, Ìlíṣàn ló ti wá! Àwọn méjèèjì kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Wọ́n ṣe àdéhùn níbẹ̀ pé ẹni tó bá jẹ ọ̀kan nínú wọn ní gbèsè ìgbà méjì, ìkejì kò ní gbé búrẹ́dì fún un. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àdéhùn yẹn ti yẹ̀, wọ́n sì ti parí rẹ̀ láàárín ara wọn.

Níbi ọ̀rọ̀ ọ̀rá ìdìjà, èmi ni mo ṣàlàyé ohun tí àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: bóyá ẹgbẹ̀rún kan lo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ni o, bóyá ẹgbàárùn-ún ni, iye kan náà ni wọ́n máa gbà láti gbẹ́ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rá. Ìdí nìyí tí ti oníṣòwò kékeré fi máa ń wọ́n. Àwọn mẹ́fà wá pinnu láti máa ra ọ̀rá tí kò ní àkọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú lẹ lébẹ̀ẹ̀lì tirẹ̀. Ní igun kejì, obìnrin kan tó ti gba nọ́ńbà NAFDAC fún ẹ̀pà rẹ̀ ń sọ bó ṣe tún yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ìwé tó kó lọ, èyí tí wọ́n ní kó lọ tún kọ. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì pe ara rẹ̀ ní olùkọ́. Ó ti rin ọ̀nà náà ni, wọ́n sì ń béèrè ohun tí èèyàn kì í lè béèrè níwájú maikirofóònù.

Ibì kan wà tó fẹ́ le o. Òfin ẹsẹ̀ méjì kò fi bẹ́ẹ̀ bá ilé wa mu. Alhaji kan wà pẹ̀lú wa, àgbà oníṣòwò obì láti Sábó ní Ṣàgámù. Ó jókòó síbi ọ̀rọ̀ àwìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń kó obì gbànja lọ sí Òkè Ọya láyé ọjọ́un. Ìtàn náà dùn, àmọ́ kì í ṣe ohun tí àwọn ọmọ náà wá gbọ́. Ta ni yóò dìde níwájú irú bàbá bẹ́ẹ̀? Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ire kò ní kẹ̀yìn sí àgbà tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń mi orí. Mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbọ̀ngàn ńlá, ó tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ níbi tiwa.

Nígbà tí a jẹun, mo lọ kúnlẹ̀ ti Alhaji, mo ṣàlàyé òfin náà fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi yé ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí a padà wọlé, wọ́n dìde, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò bá kàn, kó máa lọ, mo ti yọ̀ǹda.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba máákà, wọ́n kọ tiwọn sórí ògiri: bí a ṣe ń tọ́jú obì kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Èèyàn mẹ́sàn-án ló lọ bá wọn. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, bí wọ́n ṣe ń fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tú u yẹ̀ wò látìgbàdégbà. Ọ̀dọ́ kan tó ń ta obì sókè òkun kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mo gbà pé kí ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, àgbà tó bá wà níbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó bá sì fẹ́ lọ síbòmíràn tẹríba díẹ̀ kó tó lọ. Àyè wà fún ẹsẹ̀ méjì àti orúnkún méjì.

Wọ́n tún ń sọ fún mi pé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í tú àṣírí òwò. Mo mọ̀. Kí ogun Ìmagbọn tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà tó dé ní 1892, àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà mú láàárín etíkun àti ilẹ̀ òkè, ẹni tó bá di ọ̀nà mú kì í sì í fi ọ̀nà han gbogbo ayé. Àmọ́ ní Ìpẹru, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni fi sínú ọṣẹ rẹ̀. Gbèsè, ọ̀rá, iná, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù lọ sí Èkó: ìwọ̀nyí kì í ṣe àṣírí ẹnì kan, ìyà tí gbogbo wa jọ ń jẹ ni.

Ẹgbẹ́ pọ̀ nílẹ̀ wa, mi ò sì fojú kéré wọn. Ẹgbẹ́ tẹ́lọ̀ wà, alájẹṣẹ́kù wà, àwọn Pàràkòyí tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òwò wà ní Ìjẹ̀bú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́lọ̀ ń bá tẹ́lọ̀ jókòó, wẹ́dà ń bá wẹ́dà. Ibo ni ìyá onígàrí yóò ti rí wẹ́dà? Ibi tí ojú mi wà ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ọjọ́ orí ló so wọ́n pọ̀: lọ́yà wà níbẹ̀, aláṣọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, gbogbo wọn ló ń padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò ní aṣọ ẹgbẹ́, kò ní ẹṣin, kò ní háì tébù. Àga yíká, ògiri, máákà.

Ẹni tó bá rò pé gbígbọ́ tẹnu ará ìlú kò lè bí nǹkan ńlá, kó lọ wo àwọn adágún ẹja tó wà ní Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjíròrò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ará ìlú lórí ìṣẹ́ àti òṣì, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ni ètò tó bí ibẹ̀ ti jáde.

Ní Sátidé ìparí oṣù tó ń bọ̀, a ó tún jókòó, Ṣàgámù ni ó kàn báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó kọ “mo ń bọ̀” sísàlẹ̀ ibí, màá fi àpèjúwe ibẹ̀ ránṣẹ́. Mi ò ní tẹ ìwé ètò. Ohun kan ṣoṣo tó ti wà nílẹ̀ ni kádíbọ́ọ̀dù kan láti Ìpẹru tí ilẹ̀ ṣú mọ́, tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni: “Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ta ni mo máa gbé e fún?” Òun la ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri.