Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ru Yorùbá, Ẹ Gbé E Sórí Fóònù

WAEC wo ni àwọn ọmọ tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ feèlì? Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ti wọ́gi lé fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ, la ti ń retí ẹni tó máa bi í. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà náà. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pírámárì lọ́dún yẹn kò tíì ju kíláàsì kẹrin lọ nígbà tí Mínísítà wọ́gi lé e. Síbẹ̀, wọ́n ní èdè abínibí ló ba èsì WAEC, NECO àti JAMB jẹ́ láwọn agbègbè kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílẹ̀ Ifẹ̀ láti ọdún 1970. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. A ti kọ èyí títí, ó ti sú wa.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká má kọ́ ọmọ ní Yorùbá mọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan ní kíláàsì. Ibẹ̀ la ti ń bá àwọn aláṣẹ wa ṣẹjọ́.

Nílé ìwé kan tí kò jìnnà sí Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta wa níbí, olùkọ́ kan kọ igba, igbá, ìgbà àti igbà sára pátákó. Nígbà tó kan igbà, kẹ́kẹ́ pa. Kò sí èyí tó rí adẹ́mu lórí ọ̀pẹ rí nínú wọn. Ìyá yìí fa fóònù ẹ̀ yọ, ó wá fídíò ọkùnrin kan tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ọmọ bí ogójì ya bo fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Ẹ tún un gbé sí i, mà!" Ó gbé e sí i lẹ́ẹ̀mẹta, dátà tán. Owó oṣù ẹ̀ ló fi rà á.

Ìwé ò lè ṣe ohun tí fóònù yẹn ṣe. Dò, re, mí tí wọ́n kọ sójú pátákó kò lóhùn. Etí ló ń kọ́ àmì ohùn. Ẹ wo orúkọ ìpínlẹ̀ wa, "Ogun", tí wọ́n ń kọ kiri láìlámì: ṣé ogun tí wọ́n ń jà ni, àbí Ògún onírin, àbí odò Ògùn tó la ìlú wa kọjá? (Odò ni o.)

Ohun tí a ń béèrè kò tó owó afárá. Kí wọ́n pe àwọn ògbóǹtarìgì olùkọ́ Yorùbá jọ, kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní sáà-sáà, tòun tàmì, kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé, kí wọ́n kó o sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Olùkọ́ kan á sì kọ́ ọmọ Owódé àti ọmọ Ìmẹ̀kọ lọ́jọ́ kan náà.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ ọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ni kò lámì, òmíràn kò sì dá ṣáká. Kò yẹ ká fi ọmọdé sílẹ̀ fún un láìsí olùkọ́ tó máa ṣà á.

Wọn á ní ìgbìmọ̀ ṣì jókòó lé e. Ìgbìmọ̀ wo ló kọ́ àwọn aládìrẹ tí ń fi WhatsApp ta aṣọ fún ará London? Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì tó tẹ Ìwé Ìròyìn ní Yorùbá nílùú yìí lọ́dún 1859, lẹ́tà ta ló dúró dè? Ọmọ tí wọ́n bí sí Houston ń kọ́ "ẹ káàárọ̀" lórí Zoom lọ́wọ́ olùkọ́ tó jókòó sí Nàìjíríà. Ọmọ Aké ń wò.

Kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, a fẹ́ gbọ́ iye olùkọ́ tí wọ́n ti pè, iye ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, àti ẹni tó máa dá owó dátà ìyá yẹn padà.