Ẹ Má Fi Ẹ̀jẹ̀ Wa Ṣe Àwáwí

Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, ọ̀rọ̀ tó gba ìgboro kan ni pé àrùn òyìnbó ni, kò lè ràn wá, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ ń sọ ọ́ ní gáréèjì, oníṣòwò ń sọ ọ́ lọ́jà. Àrùn náà ti rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò rọlẹ̀. A ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ ká náwó lé àrùn tó ń bá èémí jà.

A kò ní sọ pé àbùdá, ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá, kò lọ́wọ́ sí bí àrùn ṣe ń ṣe ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, àwọn onímọ̀ àbùdá méjì, Hugo Zeberg àti Svante Pääbo, fi hàn pé abala àbùdá kan wà lórí kúrómósómù kẹta (kúrómósómù ni okùn tín-ín-rín tó gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì ara) tó máa ń jẹ́ kí kòrónà le lára ẹni tó bá jogún rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Neanderthal, ìran ènìyàn àtijọ́ tó ti run, ló ti wá. Ní gúúsù Éṣíà, bí ìdajì ènìyàn ló gbé e sára; ní Yúróòpù, bí 16 nínú 100; ní Áfíríkà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rárá.

Ẹni tó bá pa ìwé dé níbẹ̀ á ní òótọ́ ni àwọn ará gáréèjì ń sọ. Kó tún un ṣí. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ONS, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé bí ọjọ́ orí bá dọ́gba, ewu pé kòrónà á pa ọkùnrin dúdú ní England àti Wales jẹ́ ìlọ́po 4.2 ti aláwọ̀ funfun. Nígbà tí wọ́n ro ti ilé gbígbé, ipò owó àti àìlera mọ́ ọn, ó já wálẹ̀ sí 1.9. Àwọn tí abala Neanderthal yẹn ṣọ̀wọ́n lára wọn jù ni ikú ń mú. Nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò lè jókòó sílé ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wa sì pọ̀ nínú wọn.

Àmọ́ àbùdá kan wà tí kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí tọkọtaya tó so yìgì, wọ́n á béèrè jẹ́nótáìpù. Pásítọ̀ mìíràn kò ní so wọ́n pọ̀ láìrí èsì ìdánwò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé bí 150,000 ọmọ là ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí a kì í sábà sọ fún òbí ni pé ọ̀fìnkìn tí ọmọ AA fi ń ṣeré lè gbé ọmọ SS lọ. Láàárọ̀, ọmọ ń húkọ́, imú ń dà. Tó bá di alẹ́, àyà ń dùn ún, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bó ti ń mí. Fáírọ́ọ̀sì ti mú ẹ̀dọ̀fóró wú, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti dínkù. Bí ọ́síjìn bá sì ti dínkù, sẹ́ẹ̀lì SS á tẹ̀ bíi dòjé, á dí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró, ọ́síjìn á tún dínkù sí i. Bàbá ń sáré owó sílíńdà ọ́síjìn kiri. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010 rí i pé influenza, ọ̀fìnkìn líle tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ń gbé àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí dé ọsíbítù ní ìlọ́po 56 ti àwọn tí kò ní in. Ìlọ́po 56!

Abẹ́rẹ́ àjẹsára influenza wà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á. Kò sí lára àwọn àjẹsára ọ̀fẹ́ tí ìjọba wa ń fún ọmọdé. Ìdánwò jẹ́nótáìpù fún ọmọ tuntun náà kò tíì kárí orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á fi wú. A mọ jẹ́nótáìpù àfẹ́sọ́nà méjì ká lè tú wọn ká, a kò mọ ti ọmọ ọwọ́ ká lè dáàbò bò ó.

Ti ìwádìí náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ 90 Yorùbá ìlú Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, wà lára èyí tí HapMap, iṣẹ́ ìwádìí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, fi ya àwòrán àbùdá ọmọ ènìyàn tó jáde ní 2005, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń lò ó dòní. Síbẹ̀, ìṣirò tó jáde ní 2019 ní nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí àbùdá àti àrùn, 78 nínú 100 jẹ́ ìran Yúróòpù. Ti Áfíríkà jẹ́ 2 péré. Kì í ṣe pé a kò lọ́wọ́ iṣẹ́. Ní Ẹdẹ, ACEGID, ilé ìwádìí àbùdá àwọn àrùn tó ń ràn ní Yunifásítì Redeemer's, ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì kòrónà ní oṣù kẹta 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Àbùdá àwọn tí fáírọ́ọ̀sì náà kọlù ló kù tí a kò kà tó.

Kí ìjọba ya owó sọ́tọ̀ fún ìwádìí yìí, kí àwọn tó bá fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ sì gbọ́ àbájáde rẹ̀. Èyí tó kánjú jù ni ti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ kíún láti gìgísẹ̀ ti tó fún ìdánwò, kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n ṣe é kí ìyá tó gbé ọmọ kúrò nílé ìgbẹ̀bí. Láti oṣù mẹ́fà, kí ọmọ SS máa gba abẹ́rẹ́ influenza lọ́fẹ̀ẹ́. Gómìnà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò àṣẹ Àbújá: ọsíbítù ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ SS tó ń wá gba ìtọ́jú sì wà nínú ìwé wọn.