Ta Ló Bá Òjò Dá Ọjọ́ Di 2031?

Òfin lórí àwọn adágún omi àgbẹ̀ ní Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ó dára pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa kún àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti tún àwọn ìsédò, ògiri erùpẹ̀ tó dá omi adágún dúró, tó léwu ṣe. Ṣùgbọ́n ìparí oṣù kẹta ọdún 2031 ni wọ́n fi gbèdéke sí. A ò lè kí wọn kú iṣẹ́ kí á dákẹ́ síbẹ̀.

Ohun tí a ti ń wí láti 2011 náà la tún ń wí: ẹ yẹ inú ògiri erùpẹ̀ wọ̀nyí wò, ẹ yé wo koríko orí rẹ̀ kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí wàhálà. Ọdún 1937 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìsédò Fujinuma ní Sukagawa, ní ìpínlẹ̀ Fukushima. Ogun bá a lẹ́nu iṣẹ́, 1949 ni ó tó parí. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ń jẹ oore rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mì ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 2011. Ògiri náà wó, adágún tó ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ tọ́ọ̀nù omi sì ya lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ènìyàn méje kú, ọ̀kan di àwátì. Ìwádìí fi hàn pé wọn kò tẹ erùpẹ̀ apá òkè rẹ̀ le tó. Ta ló lè fi ojú lásán rí ìyẹn?

Síbẹ̀, òjò oṣù keje ọdún 2018 dé, adágún 32 ya. Ọmọ ọdún mẹ́ta bá omi lọ ní ìlú Fukuyama. Ọ̀pọ̀ nínú adágún wọ̀nyẹn kò sí nínú ìwé tí ìjọba kọ àwọn tó léwu sí! Lẹ́yìn ikú ọmọ yẹn ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kún, tó fi lé ní adágún 60,000. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ wọn ti wà ṣáájú 1868. Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?

Wọ́n á ní àwọn àgbẹ̀ ló ni adágún. Àwọn àgbẹ̀ náà ti darúgbó, àwọn ọmọ wọn ti lọ sí ìlú ńlá, àwọn adágún mìíràn ò tilẹ̀ ní ẹni tó ni wọ́n mọ́. Ẹ má di ẹrù yìí lé wọn lórí.

Iṣẹ́ àtúnṣe lè gba ọdún púpọ̀, a gbà. Dídín omi kù nínú èyí tó léwu jù kò gba ọdún kan. Kí gbogbo gómìnà ṣe é, kí wọ́n sì fi àwòrán ibi tí omi lè gbà ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ ìsédò, kí òjò oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.