Ta Ni Kí N Fún Ní Ìràwọ̀?

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ìwé orúkọ inú fóònù kò bá Yorùbá gbé rí. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà, nítorí pé bí ènìyàn bá fẹ́ fi nọ́ńbà ẹnì kan pamọ́, ohun àkọ́kọ́ tí fóònù ń béèrè ni orúkọ, èkejì sì ni orúkọ ìdílé, bí ẹni pé gbogbo wa ni a mọ orúkọ àwọn àgbà wa. Èmi tí mo ń gbé ní Woolwich, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní àbúrò ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó pọ̀n mí, tí ó fún mi ní ẹ̀kọ mu, tí ó sì nà mí nígbà tí ó yẹ àti nígbà tí kò yẹ. Màmá Ṣọlá ni mo mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i láti Ìlú Ọba, tí mo tẹ nọ́ńbà 10 tí ó jẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀, orúkọ obìnrin kan tí n kò gbọ́ rí ni ó yọ sí ojú fóònù: Felicia Àbẹ̀kẹ́. Mo dá owó náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì pe Ṣọlá pé àwọn oníjìbìtì ti gba àkáǹtì mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ipò àti oyè, nígbà náà, ni mo fi ń kọ àwọn ènìyàn mi sínú fóònù, fóònù náà sì ń tò wọ́n tẹ̀ lé lẹ́tà. Àbájáde rẹ̀ ni pé Àǹtí, Alàgbà àti Alhaji ti kún inú A fọ́fọ́. Bàbá àti Bọ̀dá ni wọ́n ni B. Ìyá ló ni I, Màmá ló sì ni M. Lẹ́tà tí ó kù dá páropáro, àfi Dókítà, Pásítọ̀ àti àwọn tí mo jù lọ. Bí mo bá ń wá Bọ̀dá Yínká, mo ní láti kọ́kọ́ kọjá níwájú Bọ̀dá Adé, Bọ̀dá Bánkí, Bọ̀dá Bísí (ìyẹn ọkọ Àǹtí Bísí, tí orúkọ tirẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ ìgbéyàwó) àti gbogbo àwọn Bọ̀dá yòókù, n óò sì máa fi ìka fa ìwé náà wálẹ̀ títí ọkọ̀ ojú irin tí mo fẹ́ sọ fún un pé mo wà nínú rẹ̀ yóò fi gúnlẹ̀.

Ti àwọn Òyìnbó kò ṣòro. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó sì ní ọmọ-ọmọ, sọ fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé Dave ni kí n máa pe òun. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀. Ọ̀gá Dave ni ó ń jẹ́ nínú fóònù mi, abẹ́ O ni ó sì jókòó sí ní òun nìkan.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì gan-an ni ó ń tán ni ní sùúrù. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé Yorùbá ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ, kì í sì í ṣe ìlú Igbó-Ọrà nìkan ni ẹ̀bùn yìí dúró sí. Ó bá wa wọ bàálù wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí fóònù mi bá dún tí ó ní Ìyá Ìbejì ni, n kò mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń pè mí tàbí ọ̀nà ilé. Èyí ni ó mú kí n fi àlàyé kún orúkọ wọn: Ìyá Ìbejì Ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja, Ìyá Ìbejì Àṣọ Ẹbí, Ìyá Ìbejì Má Gbé E. Ẹni tí ó jẹ́ Má Gbé E yìí wá kí wa ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ń wá fóònù rẹ̀ kiri inú yàrá, ó sì bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ pe nọ́ńbà òun kí a lè gbọ́ ibi tí yóò ti dún. Mo dìde, mo bọ́ sínú ilé ìdáná, mo sì ti ilẹ̀kùn kí n tó pè é. Ó ní òun kò rí ẹni tí ó ń lọ pe fóònù níkọ̀kọ̀ báyìí rí.

Ní ti nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá wà ní Nàìjíríà kì í ní ẹyọ kan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá kú, òmíràn yóò là, nítorí náà síìmù méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń bẹ lọ́wọ́ àgbàlagbà tí ó bá bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀. Mo ṣì ní Bọ̀dá Wálé Econet nínú fóònù mi. Ọdún 2001 ni Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ó di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, ó sì di Airtel ní ọdún 2010, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Wálé kò kúrò ní Econet ní tèmi, nítorí pé bí mo bá yí i padà, n kò ní mọ èyí tí ó yàtọ̀ sí Bọ̀dá Wálé Glo mọ́. Nígbà tí ìjọba wá ní kí oníkálukú so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ síìmù rẹ̀, tí wọ́n sì dí àwọn láìnì tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà láti pe ẹnikẹ́ni ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹbí mi pín sí méjì: àwọn tí ó lọ tò sórí ìlà, àti àwọn tí ó ra síìmù tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ni ó ń kọ̀wé sí mi lójoojúmọ́ pé, “Nọ́ńbà mi tuntun rèé, pa ti àtijọ́ rẹ́.” Ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ ni àwọn oníjìbìtì máa ń kọ, nítorí náà n kò pa ohunkóhun rẹ́. Bí láìnì bá sì ti pẹ́ láìṣiṣẹ́, àwọn oníléeṣẹ́ a gbé e fún ẹlòmíràn. Mo pe bàbá kan tí ó jẹ́ alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa láti kí i kú ọdún, ọmọbìnrin kan tí orin ń dún lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbé e, ó sì fi sùúrù gbọ́ gbogbo ìkíni náà tán, ó ṣe àmín, ó ní òun kì í ṣe bàbá, ṣùgbọ́n bí mo bá ní nǹkan ọdún lọ́wọ́, òun yóò gbà á.

Òdo tí ó wà níwájú nọ́ńbà tún wà níbẹ̀. Àwọn ará ilé a máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ bí àwọn ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Ìjẹ̀bú, láìfi +234 ṣíwájú, láìyọ òdo náà kúrò. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, lọ́pọ̀ ìgbà kò ní lọ, ọ̀ràn bùṣe. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 070 ni kí ẹni tí ó wà ní Ìlú Ọba sá fún, nítorí pé nọ́ńbà 070 ń bẹ níhìn-ín pẹ̀lú, ó gùn bákan náà, ó sì jọ ti fóònù alágbèéká, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti fóònù alágbèéká rárá. Irú nọ́ńbà kan ni tí owó rẹ̀ máa ń ga fíofío kí Ofcom, àjọ tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Ìlú Ọba, tó fi gbèdéke sí i ní ọdún 2019. Àwọn tí ó ti wà níhìn-ín ṣáájú mi sọ pé àwọn mọ ẹni tí ó fi iye owó tí ó tó ra ẹran àsun kí àjèjì ní “ẹ kú àárọ̀”.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Fóònù gba ènìyàn láyè láti fi àmì ìràwọ̀ yan àwọn àyànfẹ́, kí orúkọ wọn wà lókè, kí ìpè wọn sì wọlé ní òru nígbà tí ènìyàn bá ti pa ariwo fóònù mọ́. Òyìnbó ni ó ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì rò pé ìyàwó, ọmọ àti ọ̀rẹ́ kan ni yóò wà níbẹ̀. Èmi náà fi ọgbọ́n tò ó gẹ́gẹ́ bí àìní: Kámọ́rù onígbàjámọ̀ ni ó wà lókè, nítorí pé bí ènìyàn kò bá tètè pè é ní àárọ̀ Sátidé, kò ní rí àyè, Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja ti Rye Lane ní Peckham ni ó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi ni ẹ̀kẹta.

Àǹtí mi àgbà wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ó gba fóònù mi kí ó lè pe ọmọ rẹ̀ ní Manchester, ó sì bọ́ sórí àkọsílẹ̀ àwọn àyànfẹ́. Ó wọ dígí rẹ̀.

“Ta ni ń jẹ́ Kámọ́rù?”

“Onígbàjámọ̀ mi ni, mà.”

“Onígbàjámọ̀.” Ó yọ dígí, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́ padà. “Àwa tí a san owó ilé-ìwé rẹ ńkọ́?”

“Ẹ wà níbẹ̀, mà. Ẹ wà lábẹ́ A.”

“Lábẹ́. Ẹ gbọ́ ọ, lábẹ́.” Ó na fóònù náà sí ìyàwó mi. “Ìyàwó wa, ipò kẹta ni wọ́n fi ọ́ sí. Ẹlẹ́ja ló ṣáájú rẹ.”

Ìyàwó mi ní òun kò ní ẹjọ́, nítorí pé orí ibùsùn kan náà ni àwa méjèèjì ń sùn, bí òun bá sì fẹ́ pe mí ní òru, ẹsẹ̀ ni òun ń lò. Àǹtí mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bí wọ́n ti ń gbé orúkọ sókè, mo fi hàn án, ó sì fi ìka ara rẹ̀ fa orúkọ rẹ̀ títí ó fi kọjá ẹlẹ́ja, kọjá Kámọ́rù, tí ó sì jókòó sí òkè téńté. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ròyìn fún gbogbo ẹbí lórí WhatsApp pé ìràwọ̀ ń bẹ tí àwọn kò mọ̀ sí.

Kí ẹ wá wo ìpè. Bọ̀dá Adé ní kí n má ṣe gbàgbé pé òun ni ó gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Màmá Ṣọlá ní òun kò bá mi jà, òun kàn fẹ́ mọ̀ ni. Nígbà tí mo fi máa tò wọ́n tán bí ọjọ́ orí wọn ti rí, tí mo sì yanjú àríyànjiyàn tí ó wà láàárín àwọn méjì tí wọ́n bí ní ọdún kan náà, iye àyànfẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù.

Oorun sì lọ. Ní ìgbà òtútù, agogo márùn-ún ìdájí tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ń jí gbàdúrà ni agogo mẹ́rin ní Woolwich. Agogo mẹ́wàá alẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ń ti ibi iṣẹ́ dé náà ni agogo mẹ́rin yìí kan náà. Ìyá mi nìkan ni ìràwọ̀ kò ṣe àǹfààní fún. Lórí iPhone tí mo ń lò, bí ẹnì kan bá pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 3, ìpè kejì lè wọlé bí a tilẹ̀ ti pa ariwo mọ́. Ìyá mi kò ka òfin yìí níbikíbi, ṣùgbọ́n bí ó ti ń pe ènìyàn láti ọdún gbọ́nhan nìyẹn.

Ní báyìí, mo ti rí ètò mìíràn nínú fóònù, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ènìyàn ti lè yan àwọn tí ìpè wọn yóò wọlé ní òru láìfi ti ìràwọ̀ ṣe. Ìyá mi, ìyàwó mi àti ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo fi síbẹ̀. Gbogbo àwọn àgbà ṣì ní ìràwọ̀ wọn, ó ń tàn, ẹnikẹ́ni tí ó bá gba fóònù mi yóò sì bá wọn lókè. Àǹtí mi ti ní òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa. Mo ti tún gbogbo orúkọ náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí rẹ̀. Kámọ́rù ti padà sí ipò kejì, lẹ́yìn àǹtí mi gan-an, ṣùgbọ́n Alhaji Àgbà Kámọ́rù ni ó ń jẹ́ báyìí.