Àtúnṣe: Ìwọ́ra Kò Lè So Iṣan Tó Já Pátápátá

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri orí WhatsApp láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ní Kàbà àti Mọ̀pà, pé bí iṣan ìgbọ̀nwọ́ bá já, kí a fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ, yóò sì so padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣan tó so ẹran apá mọ́ egungun níbẹ̀, bó bá já pátápátá, máa ń sún sókè kúrò ní ààyè rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló lè dá a padà, ó sì dára kó wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, kí iṣan náà tó kúrú. (Èyí tó já díẹ̀ lè jinná láìsí abẹ.) Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó di nǹkan bí oṣù 4 sí 6 kí a tó tún gbé irin wíwúwo. Ẹ̀yin àbúrò mi, bí ìgbọ̀nwọ́ bá dún lójijì tí apá sì wú, ẹ jọ̀wọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.