Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn Fẹ́sípà PX

Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, ìyẹn irin tó ń mú kí kòtò má gbá ọkọ̀ jù, tí ẹ rà lọ́wọ́ wa fún Fẹ́sípà PX bàbá yín kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń dún gbà-gbà lábẹ́ ìjókòó, ẹ ní ayédèrú la tà fún yín, ẹ sì fún wa ní ìràwọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ẹ fọkàn sí.

Mo wo fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ dáadáa. Ṣọ́ọ̀kì yẹn kò jo epo rárá, ọ̀pá rẹ̀ gbẹ, ó ń dán. Nígbà tí ọmọ yín tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tó fi í sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló gòkè tó sì dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó bá ti kú, ńṣe ló máa ń fì sókè-sódò bí ọkọ̀ ojú omi. Òkè pátápátá ni ariwo yẹn ti ń wá, níbi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti wọ ara ọkọ̀ lábẹ́ táǹkì epo. Rọ́bà kan ló wà níbẹ̀. Nínú fídíò, mo rí i pé ó ti gbó, ó ti ya kúrò lára irin rẹ̀, irin wá ń gbá irin.

Lára Fẹ́sípà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló di táyà ẹ̀yìn mú. Bóòtù gígùn kan ló so ó mọ́ ara ọkọ̀ níwájú, ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. Kò ní méjì bíi ti ọ̀kadà. Gbogbo kòtò tí táyà bá wọ̀, orí rọ́bà kékeré yẹn ló ń já sí. Ṣọ́ọ̀kì míì máa ń bá rọ́bà tirẹ̀ wá nínú páálí, òmíràn kì í bá a wá. Èyí tí a tà fún yín kò ní. Ó yẹ kí a sọ fún yín, a ò sọ. Mẹkáníìkì yín wá tú ti àtijọ́, ó lọ́ ọ mọ́ orí tuntun. N kò lè bá a wí, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lò.

Rọ́bà tuntun ti wà nínú páálí, awakọ̀ Abẹ́òkúta á gbé e bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Iye tí mẹkáníìkì bá gbà, ẹ sọ fún mi, èmi ni máa san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó fi igi ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì kó tó tú ohunkóhun, kí ẹ́ńjìnnì má bàa já wálẹ̀. Kó ti ẹnu ọ̀nà epo pa, kó yọ ìjókòó àti táǹkì, ibẹ̀ ló ti máa rí nọ́ọ̀tì òkè. Nígbà tó bá ń dá a padà, kó má fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ pa àfi tí táyà bá ti kanlẹ̀ tán, torí rọ́bà tó wà nínú ihò ìsàlẹ̀ yẹn á lọ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Ẹ má gùn ún títí di ìgbà náà, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ gbé èèyàn sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. PX tí bàbá ẹni gùn lọ síléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, èèyàn ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, a ti ń so rọ́bà mọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀kì PX tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa kó tó kúrò lórí káńtà.

Tí ariwo náà bá ṣì wà lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì náà ránṣẹ́ padà bó ṣe wà, gbogbo owó yín á wọlé lọ́jọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa.