Ta Ló Ṣẹ́kù Tí Yóò Máa Gbọ́?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju olùgbọ́ lọ ní Abẹ́òkúta. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ wá owó tí yóò fi ra àsìkò lórí rédíò, yóò wá onígbọ̀wọ́ kiri Kútọ̀ àti Sápọ́n títí bàtà rẹ̀ yóò fi jẹ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni olùgbọ́ ní tiẹ̀ ní: kó jókòó, kó gbọ́, kó sì gbá rédíò létí bí bátìrì bá fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí fóònù ti ní ojú tó fi ń wòran, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ jókòó mọ́. Pánṣẹ́kẹ́ ń sọ̀rọ̀, Lafẹ́nwá ń sọ̀rọ̀, ọlọ́kadà ń ṣe live lórí ọ̀kadà.

Ìlú tí ìwé ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà mà nìyí o. Oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ CMS, gbé Ìwé Ìròhìn jáde fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó ṣèrìbọmi wà níbẹ̀, ẹni tó kú wà níbẹ̀, olóyè tó rìnrìn-àjò náà wà níbẹ̀. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá bí ọ nínú, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko lo ní láti fi sùn lé ìbínú yẹn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé àwọn baba wa ò mọ kọ́mẹ́ǹtì í kọ. Lọ́dún 1867, nígbà tí inú bí àwọn Ẹ̀gbá sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó, wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá a lọ, ìwé ìròyìn náà sì kú síbẹ̀. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é. Gbogbo èébú tí mo ti ń kà lórí Facebook látọjọ́ yìí, mi ò tíì rí èyí tó tó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá kan wà ládùúgbò wa ní Ìta-Ẹ̀kọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí bí mo bá dárúkọ rẹ̀, yóò fi mí ṣe live. Ó pẹ́ tó ti ń pe rédíò láràárọ̀. Ẹ mọ irú wọn: ohùn wọn mọ́ wa létí ju ti atọ́kùn ètò lọ, wọ́n ní ìnagijẹ, wọ́n tilẹ̀ ti fi ara wọn joyè nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́. Ní báyìí, fóònù méjì ló ń lò. Ó ń fi ọ̀kan pe rédíò, ó gbé èkejì ti agolo mílíìkì, ó ń ṣe live bó ṣe ń pè. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, wọ́n ń ṣe ètò lórí kòtò tó wà lójú títì. Bọ̀dá wa rọ́nà wọlé.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi!"

Atọ́kùn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dín rédíò yín kù, ohùn yín ń dún padà."

Ó ní, "Rédíò kọ́ o. Àwọn èèyàn mi ló ń wò mí. Ẹ bá mi kí wọn."

Ni atọ́kùn, ọmọ tó kàwé, tó ń gbowó oṣù, bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn olùwòran olùgbọ́ rẹ̀. Mo yọjú síbi live náà. Èèyàn méje ló wà níbẹ̀, tèmi tì í. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú wọn. Ilé ìdáná ilé kan náà ni ìyẹn wà, ó ń kọ kọ́mẹ́ǹtì pé omi ti hó, ṣé kóun máa ro làfún. Kí wọ́n tó kí ara wọn tán, àsìkò ti tán. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn kó rọra wakọ̀, kòtò ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn atọ́kùn gan-an náà ò yàtọ̀. Rédíò tí a dá fún etí, wọ́n ti gbé kámẹ́rà wọnú rẹ̀, atọ́kùn sì ń we gèlè ní aago márùn-ún ìdájí nítorí ètò tí à ń fetí gbọ́. Láyé ọjọ́un, olùgbọ́ ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun kí ìyá òun. Nísinsìnyí, ìròyìn aago méje ń dúró, wọ́n ń ka orúkọ: "A kí ìyá wa ní Malaysia, a kí Àlàájì ní Ṣàgámù, ẹ bá wa share o, ẹ dákun, ẹ bá wa share." Mo gbà pé ó ní ibi tó dáa sí. Bí wọ́n bá sọ lórí afẹ́fẹ́ pé iná ti dé sí Adátán, ará Adátán yóò ti ya fọ́tò òkùnkùn ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó pa ẹnu dé.

Owó náà ló fà á, ẹ má bá a lọ sọ́nà jíjìn. Kí YouTube tó pín owó ìpolówó fún ẹni tó ń ṣe fídíò gígùn, 1,000 èèyàn gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lójú òpó rẹ̀, kí wọ́n sì ti fi wákàtí 4,000 wò ó láàárín ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìwé ìpè ìsọmọlórúkọ kan ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàrà, tí líǹkì YouTube ọmọ náà wà lábẹ́ àdírẹ́sì. Ọmọ kò tíì lórúkọ, ó ti ní ojú òpó.

Èyí tó wù mí jù ni ti ọmọkùnrin kan ní Ọbáńtókò tó ń ṣe eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé e jáde ní apá-apá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyàwó kejì kan wà nínú eré náà, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọmọkùnrin náà pa á nínú eré. Wọ́n sin ín, wọ́n jẹ sàráà. Àwọn ìyá ọlọ́jà tutọ́ sókè, wọ́n fojú gbà á: bí obìnrin yẹn ò bá padà, àwọn ò ní wò ó mọ́. Nígbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òkú jókòó, ó ń jẹ ìrẹsì ọ̀fadà. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé. Ọkọ tó sunkún lójú sàréè ń bù ú lẹ́ran.

Mo bi ọmọkùnrin náà léèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mò ń kọ ọ́ mọ́, àwọn ni. Èmi kàn ń ra oúnjẹ fún àwọn òṣèré ni."

Òkú ti lóyún báyìí. Wọ́n ní ká dìbò: ọkùnrin ni kó bí, àbí obìnrin? Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú kọ ọ́ pé ìbejì lòun fẹ́, èrò sì ti ń rọ́ tẹ̀ lé e. Èmi náà ti dìbò fún ìbejì.